Ambrose Campbell: Ọmọ Èkó Tí Gìtá Gbé Dé Nashville

Orúkọ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èwe ìwòyí. Bí ẹ bá dúró ní Adéníji Adélé, níbi tí Afárá Third Mainland ti ń da ọkọ̀ sí Erékùṣù Èkó, tí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ń kọjá pé ta ni Ambrose Campbell, ó ṣeé ṣe kó nawọ́ sí ọ̀nà Campbell Street pé ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wádìí. N kò dá a lẹ́bi. Èkó ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 1919, ṣùgbọ́n Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 2006. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó di atukọ̀ òkun, ó di olórí ẹgbẹ́ olórin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di onílù ní Nashville, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ojúko orin country ní Amẹ́ríkà.

Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní ti Campbell, ẹ ó rántí pé Èkó ìgbà náà kún fún àwọn Campbell, Randle, Davies, King àti Williams, orúkọ tí àwọn Sàró gbé bọ̀ láti Freetown tàbí èyí tí àwọn onígbàgbọ́ gbà níbi ìrìbọmi. Ẹni tó bá rí i lára àwo lè rò pé àjèjì kan ni, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà bá la ẹnu, tí Yorùbá pọ́ńbélé sì tú jáde.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ sọ ní iyàn nínú. Àwọn kan gbà pé orin Èkó ni èyí tí ará Èkó kọ ní òde àríyá Èkó, tí owó sì ń bọ́ síwájú orí olórin bó ti ń kọ ọ́. Èmi gbà pé orin Èkó náà ni èyí tí a kọ nínú ilé ijó kékeré kan ní Soho, níbi tí ìdajì àwọn tó ń jó kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bí a bá kọ èyí, a ó yọ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ orin í ṣẹ̀dá jù lọ ní ìran rẹ̀ kúrò nínú ìwé wa, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sì máa bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1939, Erékùṣù Èkó kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ilé wọn yí Ìgà Ìdúngànràn ká. Àwọn Sàró wà ní Ọlọ́wọ́gbówó, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé sì wà ní Pópó Àgùdà. Lójú omi ní Marina, àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ń sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti gìtá. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá péré ni wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹnì kan á máa dún bí ènìyàn méjì: àtàǹpàkò mú ohùn ìsàlẹ̀, ìka kejì ń ṣeré lókè. Sámbà, ìlù onígun mẹ́rin aláwọ ojú kan, wà nílẹ̀ látọwọ́ àwọn Àgùdà. Àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ní àṣíkò, tí wọ́n ń fi irú ìlù bẹ́ẹ̀ àti ayùn káfíńtà tí wọ́n ń rín lù. Níbi tí gbogbo wọn ti pàdé, lẹ́bàá agbè ẹmu, ni orin tí a wá mọ̀ sí jùjú ti yọjú. Túndé King, ọmọ Ọlọ́wọ́gbówó tí wọ́n bí ní 1910, ló gbé e sórí àwo Parlophone ní 1936. Kí ó tó di ìgbà náà ni Ìrèwọ̀lédè Denge ti ń ta gìtá tirẹ̀ káàkiri.

Bàbá Ambrose jẹ́ oníwàásù, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbé ohùn. Ẹ má gbàgbé pé ní ayé ọjọ́un, ìpátá ni wọ́n ń pe ọmọ tó bá gbé gìtá dání ní ìdí ẹmu. Ọmọ oníwàásù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, òun náà sì ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn olórin ní ìkọ̀kọ̀. Ibẹ̀ ló ti bá ẹgbẹ́ Jolly Orchestra pàdé, níbi tí atukọ̀ Kru kan tí wọ́n ń pè ní Sunday Harbour Giant ti ń ta gìtá. Ohùn ìjọ wà lọ́fun rẹ̀, ìka atukọ̀ wá kún un.

Mo máa ń ronú nípa iṣẹ́ ìtẹ̀wé yẹn. Kí ni ilé ìtẹ̀wé Èkó ń tẹ̀ nígbà náà? Ìwé ìkéde òkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìkíni-káàbọ̀ fún ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé. Bí ẹ bá wo orin jùjú ìgbà náà dáadáa, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ta ló kú, ta ló joyè, ta ló dé. Ọmọ tó bá ń to lẹ́tà òjé lọ́sàn-án, tó sì mọ̀ pé àyè kò pọ̀ lójú pépà, yóò mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹsẹ orin àti ohun tó yẹ kó fò. Èrò tèmi ni o. Ẹ lè bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló mú un kúrò nílé. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ ẹrù nílò ènìyàn, òkun sì ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún ọmọ Èkó tí kò lówó ìwé. Túndé King pàápàá wọkọ̀ òkun ní 1939. Ó padà ní 1941, ó tún lọ, ẹnikẹ́ni ní Èkó kò sì rí i mọ́ títí di 1954. Ambrose sọ̀ ní Liverpool, kò sì bá ọkọ̀ náà padà. Ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òun àti Brewster Hughes, ọmọ Yorùbá mìíràn tó mọ gìtá í ta, ti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ tí wọ́n sì sọ ara wọn ní West African Rhythm Brothers. Nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, tí èrò ya bo Piccadilly Circus, ìlù wọn wà láàárín èrò náà. Ọdún yẹn kan náà, ìlú yẹn kan náà, ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Àwọn kan ń fi àpérò wá ilé, àwọn kan ń fi gìtá wá a.

Ní 1946, ẹgbẹ́ oníjó kan tí ń jẹ́ Les Ballets Nègres, èyí tí Berto Pasuka àti Richie Riley, ọmọ Jàmáíkà, dá sílẹ̀, pe Campbell àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n wá máa lùlù fún ijó wọn. Ẹgbẹ́ oníjó aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Yúróòpù nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ilé ijó Abalabi ní Berwick Street, ní Soho, gbà á sílé. Ọmọ wa kan, Ọlá Dòsùnmú, ló ni ibẹ̀. Nígbà tó ṣí Club Afrique ní Wardour Street, Campbell tún bá a débẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, atukọ̀, ọmọ Karíbíà, òyìnbó tó fẹ́ràn jazz, gbogbo wọn ló ń wá. Colin MacInnes, tó kọ ìwé City of Spades ní 1957 nípa ìgbé ayé aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára wọn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ibí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti hàn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orin òde àríyá kì í ní òpin. Olórin yóò kí onílé, yóò kí ìyá rẹ̀, yóò kí àna rẹ̀, yóò dárúkọ ẹni tó ń náwó, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá wọn lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n àwo ìgbà náà, èyí tí ń yí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Melodisc ti Emil Shalit ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn Campbell sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni gbogbo ilẹ̀ tó ní láti fi kọ́lé. Kò sí ẹni tó ń náwó níwájú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fi oríkì fà gùn. Orin náà ní láti ní orí, ní ara, ní ìdí, kí ó sì dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n di àwọn àwo náà sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń tà wọ́n ní Èkó fún ẹni tó ní gírámáfóònù. Etí méjì ló ń kọrin sí ní ẹ̀ẹ̀kan náà: etí Soho tó ń fẹ́ kí ìlù dùn, àti etí Èkó tó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀.

Àwọn àkọlé rẹ̀ fi ibi tí ọkàn rẹ̀ wà hàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ashiko Rhythm: àṣíkò àwọn ọ̀dọ́ ìjọ nìyẹn, tó rìn dé Lọ́ńdọ̀nù. Òmíràn jẹ́ orin ìrántí Olóyè J. K. Randle, gbajúmọ̀ Èkó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: ọkùnrin kan jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn òkú ń kan án láti ilé, ó sọ ọ́ di orin, orin sì padà sílé lọ bá àwọn ọ̀fọ̀. Bí kì í bá ṣe orin Èkó nìyẹn, kí ni a ó pè é? Gbogbo àkókò tí Ọba Musendiku Adéníji Adélé Kejì fi wà lórí ìtẹ́, láti 1949 títí dé 1964, Campbell wà lókè òkun. Ọba náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì tí mo dá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìdí Ìgà nígbà náà, tó sì ní gírámáfóònù, lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọba, kó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ Campbell, lọ́jọ́ kan náà.

Orin náà kò dúró sí jùjú nìkan. Àwọn ọmọ Karíbíà wọ inú ẹgbẹ́ pẹ̀lú fèrè àti dùùrù, àwọn onífèrè jazz òyìnbó náà ń wá gbọ́ ìlù. Nígbà tí Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kọ́ orin, ẹgbẹ́ Campbell ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, Fẹlá sì pè é ní bàbá orin Nàìjíríà òde òní nígbà tó yá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ìyìn tó wuyì sì ni, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i pátápátá. Denge wà, Túndé King wà, Àyìndé Bákàrè ti wà lórí àwo ní 1937. Orin wa kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Ohun tí mo gbà ni pé Campbell ló kọ́kọ́ fi hàn pé orin Èkó lè kúrò ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má sì gbàgbé èdè.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kí a tó tẹ̀ lé e lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí orin country kì í ṣe àlejò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ta ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò mọ Jim Reeves? Bàbá mi ní àwo rẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni ó sì ń gbé wọn jáde, bí ẹni pé ìsìn náà kò tíì tán. Kò sì jọ mí lójú. Orin náà rọra ń lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ni, ohùn rẹ̀ jọ ti oníwàásù tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú; ẹni tí a fi orin ìjọ tọ́ kò lè sá fún un. Ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú Jim Reeves nítòsí Nashville ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1964. Oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ 12, ni Ọba Adéníji Adélé wàjà. N kò rí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀ o, àfi pé oṣù kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó kẹ́dùn ẹni méjì tí kò mọ ara wọn.

Ní 1972, Campbell kó lọ sí Los Angeles. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ olórin wa ti ń wá ilé kọ́. Ibẹ̀ ló ti bá Leon Russell ṣiṣẹ́, ọmọ Oklahoma tó mọ dùùrù í tẹ̀, tó sì ní ẹsẹ̀ kan nínú rock àti ẹsẹ̀ kan nínú country. Ní 1973 ni Russell gbé àwo kan jáde tó kún fún orin country àtijọ́, tó sì fi orúkọ Hank Wilson bo ara rẹ̀; ní 1979, òun àti Willie Nelson jọ ṣe àwo kan. Campbell bá a rìn gẹ́gẹ́ bí onílù, ó sì di ará Nashville.

Ibi tí mo ti máa ń fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ ni àwo tí Leon Russell àti ẹgbẹ́ New Grass Revival gbà sílẹ̀ níwájú èrò ní Pasadena, ní California, ní 1980, tó sì jáde ní 1981. Bluegrass ni orin ẹgbẹ́ náà: bánjò, mandolin, fíìdù, eré àwọn òyìnbó orí òkè. Àárín wọn ni Ambrose Campbell wà tó ń lùlù. Àwọn kan lè rò pé ọmọ Èkó ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ta ló gbé bánjò dé Amẹ́ríkà? Àwọn ẹrú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, akonting, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Jola ní Senegal àti Gambia dòní. Orin ìjọ wà nínú bluegrass bó ti wà nínú àṣíkò. Òkú, ìrìn-àjò, ìyá, ilé tó jìnnà: ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ní Nashville kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń kọ ní ìdí ẹmu ní Èkó. Ọ̀nà jíjìn ni òun àti bánjò gbà, omi kan náà ni wọ́n sì la kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni Campbell fi wọkọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ń dùn mí. Ní Soho, orin tirẹ̀ ni ó ń kọ, èdè tirẹ̀ ló sì fi ń kọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn olórin ẹlòmíràn ló wà. Ìlù rẹ̀ dùn, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, ó sì jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ẹni yẹn kò sì hàn mọ́ nínú àwọn àwo tí mo gbọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tó wà ní Nashville, ohun èlò Nashville kan wà ní Èkó. King Sunny Adé ti mú gìtá onírin wọ jùjú, èyí tí wọ́n ń gbé lélẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn tí ń sunkún nínú orin country nìyẹn. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Ẹ gbọ́ ọ nínú àwo Juju Music ti 1982, ẹ ó rí i pé ó bá ohùn gángan mu bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Ọmọ Èkó ń lùlù fún orin country, irin country ń fèsì fún ìlù jùjú. N kò gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé rí.

Ní 2004, Campbell padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Plymouth. Ní 2006, ọdún tó kú, ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù ko àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n sì tún wọn gbé jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló tọ́jú ohun tó yẹ kí àwa tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe kọ àkọlé náà láti ìgbà Melodisc: Omo Laso. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ọmọ l’aṣọ ni mo kà á sí, èrò Yorùbá pé ọmọ ní ń bo ìhòòhò ẹni. Ẹlòmíràn lè kà á sí ọmọ láṣọ, pé ọmọ náà ní aṣọ lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ orin náà kò ní ṣìnà, nítorí ohùn Campbell gbé àmì náà sí ibi tó yẹ. Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn àwo nìkan ni yóò máa méfò.

Bí àwọn àwo Melodisc yẹn bá ṣì wà nínú àpótí bàbá àgbà yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Lafiaji tàbí ní Ọlọ́wọ́gbówó, ẹ má jù wọ́n nù nígbà tí ẹ bá ń tún ilé kọ́. Wọ́n máa ń fọ́ bí abọ́, nítorí náà ẹ má tò wọ́n léra wọn. Ẹ nà wọ́n ró bí ìwé. Ẹ má gbé wọn síbi tí oòrùn ti lè bà wọ́n. Tí àgbàlagbà kan bá sì wà nínú ilé tó rántí ọ̀rọ̀ orin náà, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.